Hardtail àbí full suspension: kẹ̀kẹ́ wo ló tọ́ sí ọ̀nà inú igbó tó jìn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mountain bike tẹ́ ẹ máa gùn gba inú igbó àti orí òkè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bóyá fún ọjọ́ kan, bóyá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, níbi tí mọ́tò kì í kọjá tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sì sí, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ dáadáa kówó tó jáde lápò. Hardtail ni èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan, full suspension ní tiwájú, ó ní tẹ̀yìn. Ohun tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á kọ́kọ́ béèrè èyí tó fúyẹ́ jù, á béèrè èyí tó yára jù, á wo orúkọ tó wà lára férémù, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè méjì tó yẹ kó ṣáájú kò tíì jáde lẹ́nu ẹ̀: báwo ni ilẹ̀ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ṣe rí, àti pé tí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ṣé mo lè fọwọ́ ara mi tún un ṣe? Méjèèjì yìí ni mo máa fi wọn gbogbo nǹkan tí mo bá fi wéra nísàlẹ̀.

Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ wo ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Great Divide láti Banff ní Kánádà, tó sọ̀ kalẹ̀ gba Amẹ́ríkà dé Antelope Wells ní ẹnubodè Mẹ́síkò. Ó lé ní kìlómítà 4,300. Èèyàn á gbọ́ iye yẹn, á rò pé kẹ̀kẹ́ tó le jù láyé nìkan ló lè gbé òun débẹ̀, ṣùgbọ́n títì oníyẹ̀pẹ̀ àti oníkòkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn, ó fẹ̀, òkè gígùn ló kàn pọ̀ níbẹ̀. Mike Hall gùn ún tán lọ́dún 2016 ní ọjọ́ 13, wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 51, nínú ìdíje Tour Divide níbi tí kálukú ti ń gbé ẹrù ara ẹ̀, tí kò sí mọ́tò kankan tó ń tẹ̀ lé e. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kàn máa di ẹrù ni. Hardtail tó, kódà kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá tó ní táyà tó sanra á ṣe é.

Ẹ wá wo Colorado Trail ní Amẹ́ríkà, láti Denver dé Durango. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin Great Divide ní gígùn, àmọ́ ọ̀nà tóóró ló pọ̀ jù níbẹ̀, gbòǹgbò, òkúta gbágungbàgun, ibi tó ga jù sì lé ní mítà 4,000, ibi téèyàn ti ń mí gúlegúle kó tó gbẹ́sẹ̀ sókè. Àwọn ibì kan wà tí òfin ò gba kẹ̀kẹ́ láàyè, ẹ máa yí wọn po gba títì, àwọn ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé ṣe lẹ máa fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ yín tàbí kẹ́ ẹ gbé e léjìká. Arizona Trail tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nígbà tẹ́ ẹ bá dé Grand Canyon, àfonífojì ńlá yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ tì í, àfi kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ gbé e pọ̀n sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbé e pọ̀n gùn jáde lódìkejì, ó sì ju kìlómítà 30 lọ. Ẹni tó bá ní ìrìn yẹn lọ́kàn ní láti ronú lórí kílò kan tó lé, kì í ṣe tìtorí eré, tìtorí ẹ̀yìn ara ẹ̀ ni.

Hardtail àti full suspension lójúkojú

Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hardtail. Nǹkan tó lè bàjẹ́ lára ẹ̀ ò pọ̀. Kò sí bẹ́árìn ní oríkèé férémù, kò sí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ lè jò, tí ohun tí wọ́n fi ṣe férémù méjèèjì bá sì jọra, ó sábà máa ń fi bíi kílò kan sí méjì fúyẹ́ ju full suspension lọ. Ohun tí àwọn tó ń ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ kì í rò ni ààyè tó wà láàárín férémù. Ibẹ̀ ni báàgì ńlá máa ń wà, ibẹ̀ lẹ máa kó omi, irinṣẹ́ àti oúnjẹ sí, torí pé ẹrù tó bá wà láàárín tó sì wà nísàlẹ̀ kì í da kẹ̀kẹ́ láàmú. Lára hardtail, gbogbo ààyè yẹn ló ṣófo fún yín. Lára full suspension, ṣọ́ọ̀kì á ti gbà lára ẹ̀, tó bá wá jẹ́ ẹni kúkúrú tó ń gun férémù kékeré, báàgì tó máa wọ ibẹ̀ nígbà míì ò ní gbà ju tíúbù kan àti pọ́ńpù lọ, omi tó kù á wá di ẹrù ẹ̀yìn ẹni, ejìká á sì sọ fún yín kílẹ̀ tó ṣú.

Full suspension ńkọ́? Ara èèyàn ló ń gbà là. Tẹ́ ẹ bá gun méjèèjì fún wákàtí méjì péré, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ tó tówó ẹ̀. Ẹ gùn wọ́n fún wákàtí mẹ́wàá. Lórí hardtail, gbogbo gbòǹgbò tí táyà ẹ̀yìn bá gùn, ẹsẹ̀ yín ni ṣọ́ọ̀kì ẹ̀, ẹ máa dìde lórí síìtì, ẹ máa jókòó, ẹ tún máa dìde, àárẹ̀ yẹn ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ títí ìbàdí àti ẹ̀yìn á fi kọ̀ pé àwọn ò ṣe mọ́. Lórí full suspension ẹ lè jókòó kẹ́ ẹ máa wà á lọ lórí gbágungbàgun. Táyà ẹ̀yìn kì í kúrò nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń di ilẹ̀ mú tẹ́ ẹ bá ń gun òkè olókùúta. Tó bá tún wá di òru, tójú ti ń kún fóòrùn tẹ́ ẹ sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, kẹ̀kẹ́ tó lè gba àṣìṣe kékeré mọ́ra lè jẹ́ ohun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ délé láyọ̀, mi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá.

Àmọ́ ìtọ́jú ń bẹ o. RockShox fúnra wọn sọ pé kéèyàn tú ibi tí afẹ́fẹ́ wà lára ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, kó nù ún, kó fi ọ́ìlì sí i, lẹ́yìn wákàtí 50. Ẹni tó bá ń gùn wákàtí 15 lójúmọ́, ọjọ́ kẹrin ni 50 yẹn pé. Kò túmọ̀ sí pé ó máa kú lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má gbéra lọ sí ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí wọn ò tú látọdún tó kọjá, kẹ́ ẹ sì mú pọ́ńpù ṣọ́ọ̀kì dání, torí pọ́ńpù táyà ò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá bẹ́árìn oríkèé férémù náà jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, torí tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń ṣe é, ẹ lè dúró pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí òmíì.

Ibi tí mo dúró sí rèé: tí ìdajì ọ̀nà yín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jẹ́ ọ̀nà tóóró olókùúta, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa ń tọ́jú nǹkan, full suspension tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100 sí 120 ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó jẹ́ 150 fún yín, ó wà fún àwọn tó ń fò láti orí òkè, ẹ̀yin máa gbé ìwúwo ẹ̀ gun òkè lásán ni. Tó bá jẹ́ títì oníyẹ̀pẹ̀ ló pọ̀ jù, tàbí tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ní fún gbogbo nǹkan, ẹ ra hardtail kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra táyà tó dáa.

Táyà

Ibí yìí lẹ máa ti rí èrè owó yín jù, kódà kí n tó sọ nǹkan kan nípa férémù. Ìnṣì 29 ló gbòde báyìí fún ìrìn gígùn, torí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó tóbi máa ń gun òkúta kọjá láìdúró. 27.5 dáa fún ẹni kúkúrú tí báàgì ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń kan táyà tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé. Ní ti fífẹ̀, ìnṣì 2.2 yá lórí títì, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n lórí hardtail èmi ò ní sọ̀ kalẹ̀ sí 2.4, torí táyà ẹ̀yìn yẹn ni ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní lẹ́yìn. Ẹ bá wọn wo férémù dáadáa bóyá ó gba táyà yẹn pẹ̀lú ààyè tí ẹrẹ̀ lè gbà kọjá. Férémù tó gba 2.4 fínnífínní nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ ò ní yí mọ́.

Tíúbù àbí tubeless, ìyẹn táyà tí kò ní tíúbù nínú? Fún ọ̀nà inú igbó, tubeless, mi ò ní jiyàn lé e lórí. Gọ́ọ̀mù olómi tó wà nínú ẹ̀ ló ń dí ihò ẹ̀gún kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti gun ẹ̀gún, ẹ sì lè fi afẹ́fẹ́ tó rọlẹ̀ gùn ún, bíi psi 20 sí 25 fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbé ẹrù, láìbẹ̀rù pé òkúta máa gé tíúbù mọ́ rímù. Àléébù ẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù yẹn máa ń gbẹ, ó lè gbẹ láàárín oṣù bíi mélòó kan, ooru tún ń jẹ́ kó yá, nítorí náà ẹ da tuntun sí i kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ mú okùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ihò ńlá, ẹ mú abẹ́rẹ́ àti òwú tó le láti rán ẹ̀gbẹ́ táyà tó bá ya, kẹ́ ẹ sì tún mú tíúbù kan, torí ọjọ́ tí tubeless bá kọ̀, ó kọ̀ pátápátá nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó fẹ́lẹ́ fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta mímú bíi tàwọn ọ̀nà Arizona máa là á. Gíráàmù 150 tẹ́ ẹ máa fi kún un fún ẹ̀gbẹ́ tó nípọn, ẹ san án tayọ̀tayọ̀.

Férémù: irin, àlùmíníọ̀mù, carbon, títéníọ̀mù

Mi ò ní pẹ́ níbí. Carbon ló fúyẹ́ jù, ó sì ń gba ìgbọ̀n díẹ̀, àmọ́ okùn báàgì tí yẹ̀pẹ̀ bá wọ abẹ́ ẹ̀ máa ń họ ọ́ títí á fi jẹ wọlé, ẹ lẹ ráńbà ìdáàbòbò mọ́ gbogbo ibi tí okùn bá ti kàn án. Àlùmíníọ̀mù ni owó ẹ̀ ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu, kò sì sí ohun tó ṣe é. Irin wúwo, ara ń gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìtàn pé wẹ́dà èyíkéyìí lè jó o, irin kẹ̀kẹ́ òde òní tín-ín-rín gan-an, iná ńlá á lu ú. Títéníọ̀mù dáa, kì í dípẹtà, owó ẹ̀ ni wàhálà.

Jíà, bíréèkì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́

Jíà 12 lẹ́yìn pẹ̀lú ẹyọ kan níwájú ló wọ́pọ̀ báyìí. Ti Shimano tó tóbi jù ní eyín 51, ti SRAM ní 52. Wọ́n sábà ń ta kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú eyín 32 níwájú, ẹ ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ẹ̀ sí 30 tàbí 28, torí ẹni tó gbé ẹrù tí oorun ò sì tó kò lágbára ẹni tó ń díje fún wákàtí kan ààbọ̀. Oníwáyà àbí oníbátìrì? Oníbátìrì rọ̀ lọ́wọ́, àtàǹpàkò tó ti rẹ̀ ń dúpẹ́, ẹrẹ̀ ò sì lè wọ wáyà tí kò sí. Àmọ́ tí bátìrì bá tán, jíà kan lẹ máa fi gun ohun tó kù, nígbà tó jẹ́ pé wáyà tó já, ẹ lè fi tuntun rọ́pò ẹ̀ lábẹ́ igi pẹ̀lú irinṣẹ́ kan. Fún ìrìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, èyí tó bá wù yín. Tó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, oníwáyà lèmi fọwọ́ sí.

Ẹ bèèrè bóyá férémù yẹn gba UDH, irin kékeré tí apá jíà ẹ̀yìn fi rọ̀ mọ́ férémù, tí SRAM mú jáde lọ́dún 2019. Kẹ̀kẹ́ oríṣiríṣi ló ń lo ìyẹn báyìí, ó rọrùn láti rí. Irin yẹn ló kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú. Ẹ mú ìkan dání o.

Páàdì bíréèkì tó ní irin nínú máa ń pẹ́ nínú òjò àti ẹrẹ̀ ju ti resin lọ, ariwo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fara dà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó tẹ́ ló dáa fún ọ̀nà tóóró. Èyí tó tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ títì wúlò fún Great Divide níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ lójú, kò sì yẹ fún Colorado Trail.

Iná àti ìránṣẹ́ sátẹ́láìtì

Dáínámò tó wà nínú họ́ọ̀bù iwájú ń mú iná bíi wáàtì 3 jáde, òun lẹ máa fi tan iná tẹ́ ẹ sì máa fi ṣáájì fóònù. Ó dùn lórí títì. Lórí ọ̀nà tóóró tẹ́ ẹ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, tàbí níbi tẹ́ ẹ ti ń ti kẹ̀kẹ́, kì í fẹ́ ṣáájì, iná náà á sì máa rọlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti nílò ẹ̀ jù. Fún irú ibẹ̀, iná onibátìrì pẹ̀lú páwà báǹkì ńlá ló sàn.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Garmin inReach ń lo sátẹ́láìtì Iridium, ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n sì fèsì. SPOT Gen4 ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ nìkan, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. Fún ẹni tó ń dá lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ra èyí tó ń gba èsì.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ gbé téèpù lọ kẹ́ ẹ wọn àárín férémù, kẹ́ ẹ mọ báàgì tó máa wọ ibẹ̀ àti ìgò omi tó máa gbà. Tó bá ní ọ̀pá síìtì tó ń rọlẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ wo bí ààyè tó kù láàárín báàgì ẹ̀yìn àti táyà ṣe pọ̀ tó. Ẹ tẹ full suspension wọlé dópin, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ so ìgò omi àti báàgì tó kún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé e léjìká, kẹ́ ẹ fi gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Tí férémù bá ń gún yín lọ́rùn nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo òmíì.