Aristotle nínú ọ́díò: ìràwọ̀ mẹ́rin, àmọ́ ẹ fo apá karùn-ún

Tó bá jẹ́ ìwé tó máa fún yín láyọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ ń wá, ẹ má ra eléyìí o. Nicomachean Ethics ni, ìwé tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, kọ nípa ìwà rere àti ayọ̀, èyí tí wọ́n kà sínú ọ́díò lédè Òyìnbó, apá mẹ́wàá, mo sì gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán lórí fóònù. Ó gbẹ. Ẹni tó ti ka ìwé Plato tó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀ rí, níbi tí Socrates, olùkọ́ Plato, ti ń bá àwọn èèyàn fa ọ̀rọ̀ lọ fa ọ̀rọ̀ bọ̀, ò ní rírú ẹ̀ níbí, ńṣe ló dà bí nótì tí tíṣà kọ kalẹ̀ láti fi kọ́ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 20 ọdún ni Aristotle lò nílé ẹ̀kọ́ Plato ní Athens kó tó wá dá ilé ẹ̀kọ́ tiẹ̀, Lyceum, sílẹ̀.

Apá kejì ló kọ́kọ́ mú mi. Ó ní a ò bí ìwà rere mọ́ ẹnì kankan, ẹni tó ń kọ́lé ló ń di bíríkìlà, ẹni tó ń ṣòdodo léraléra náà ló ń di olódodo. Ó ní ìwọ̀nba ni ìwà rere, láàárín àṣejù àti àìtó: ìgboyà wà láàárín ojo àti ẹni tó kàn ń fi orí wọgbó, ọ̀làwọ́ wà láàárín ahun àti àpà. Kẹ́nì kan má wá sọ pé òun ń ṣàgbèrè níwọ̀nba ṣá o, ó sọ ọ́ kedere pé àgbèrè, olè àti ìpànìyàn ò ní ìwọ̀nba kankan.

Àmọ́ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin ni pé kò purọ́ fún wa nípa owó àti àjálù. Ìwà rere ni òpó ayọ̀, àmọ́ èèyàn ṣì nílò owó díẹ̀, ọ̀rẹ́, ọmọ tó yanjú, torí ohun rere pọ̀ tí ọwọ́ òfìfo ò lè ṣe. Ó mẹ́nu ba Priam ọba Troy, tó jayé ọba títí, tógun wá kó o nílé kó o lọ́mọ lọ́jọ́ ogbó. Ta ló máa pèyẹn ní aláyọ̀? Síbẹ̀ ó ní tó bá jẹ́ èèyàn rere, ayé ẹ̀ ò ní bàjẹ́ pátápátá, torí kò ní tìtorí ìyà lọ hùwà ìríra. Àwọn Stoic, ẹgbẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí míì tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ní ìwà rere nìkan ti tó, kódà kí wọ́n máa dá èèyàn lóró lọ́wọ́. Aristotle ti fèsì kí wọ́n tó dé, ní apá keje: ẹni tó bá ní ẹni tí wọ́n so mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ ìdálóró ń láyọ̀ torí pó jẹ́ èèyàn dáadáa, ìsọkúsọ ló ń sọ. Mo dá ibẹ̀ padà gbọ́ jàre.

Apá kẹjọ àti ìkẹsàn-án dá lórí ọ̀rẹ́: ọ̀rẹ́ èrè, ọ̀rẹ́ fàájì, ọ̀rẹ́ ìwà. Ó ní èèyàn méjì ò lè mọra wọn àfi tí wọ́n bá ti jọ jẹ iyọ̀ pẹ́. Inú apá kẹjọ yẹn náà ló ti wá pe ẹrú ní irinṣẹ́ tó ní ẹ̀mí, ìràwọ̀ tó kù bá yẹn lọ.

Apá karùn-ún, ti òdodo, kún fún ìṣirò, bí A ṣe rí sí B ni C rí sí D, ìyà gidi ni tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ẹni tó kà á tún ń ka nótì ìsàlẹ̀ ìwé mọ́ ọn láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ lọ ka ìyẹn lójú ìwé, èyí tí W. D. Ross túmọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.