Ìwé lọ́jíìkì tàbí ẹgbẹ́ àríyànjiyàn: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mú?

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Abẹ́òkúta máa ń bi mí pé kí ni àwọn lè ṣe kí àlàyé àwọn lè dúró níwájú olùkọ́. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀: kí èèyàn jókòó ti ìwé lọ́jíìkì, ìyẹn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ronú lọ́nà tó tọ́, tàbí kó wá ẹgbẹ́ tí wọ́n á jọ máa jiyàn.

Ìwé ló ń lani lójú. Ẹ gbọ́ èyí: “Gbogbo aṣọ tí ìyá yẹn ń tà ní ọjà Ìtòkú, àdìrẹ ni. Àdìrẹ ni aṣọ yìí. Nítorí náà, ọwọ́ ìyá yẹn ló ti wá.” Ó dùn létí, àmọ́ kò tọ̀nà, torí wọ́n ń ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo náà. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára ìparí ọ̀rọ̀ á tètè rí ibi tó ti jò. Irú ẹ̀kọ́ yìí wà nínú GST 212, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti lọ́jíìkì ní yunifásítì. Àléébù ìwé ni pé kì í dáni lóhùn.

Ẹgbẹ́ ń dáni lóhùn. Ẹnìkan á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rí yín dà?” Ṣùgbọ́n ẹni tó lóhùn gooro lè borí ẹni tó lẹ́rìí, èyí sì máa ń dùn mí gan-an.

Ní tèmi, kí ọmọ ọdún kìíní kọ́kọ́ fi oṣù kan gbájú mọ́ ìwé, kó tó lọ bá wọn jiyàn. Tó bá sì débẹ̀, ìhà tí kò fara mọ́ ni kó máa gbèjà.