Sorolla: àwòrán etíkun ni, àbí àwọn ràgàjì tó wà ní New York?
Àwọn àwòrán etíkun Joaquín Sorolla, ayàwòrán ọmọ Valencia ní Sípéènì, ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ọ̀kan tó yà ní 1909, Clotilde ìyàwó rẹ̀ àti María ọmọ wọn ń rìn létí òkun, afẹ́fẹ́ ń gbé aṣọ wọn. Ẹ wo aṣọ funfun yẹn dáadáa: àwọ̀ búlúù kún inú rẹ̀! Ilé Sorolla ní Madrid, tó ti di mùsíọ́ọ̀mù, ni àwòrán náà wà.

Àwòrán ràgàjì 14 ti Hispanic Society, mùsíọ́ọ̀mù kan ní New York, ńkọ́? Archer Huntington, olùdásílẹ̀ mùsíọ́ọ̀mù náà, ló gbé iṣẹ́ náà fún Sorolla. Láti 1912 sí 1919 ló fi ń káàkiri Sípéènì nítorí rẹ̀: ijó, ayẹyẹ, màlúù tí wọ́n ń dà. Ní 1920, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Lójú tèmi, aṣọ ìbílẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ti àwọn apẹja Ayamonte, ìlú kan ní gúúsù Sípéènì, yàtọ̀. Oòrùn etíkun tún ràn níbẹ̀.