Glock 19 àbí Smith & Wesson 642: èwo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́?

Ọ̀pọ̀ ibi ìdánrawò ìbọn ní Amẹ́ríkà ló ń fi ìbọn háyà. Yin méjèèjì wò kí o tó náwó; ọta 50 fún ìkọ̀ọ̀kan tó.

Revolver ni 642, ìyẹn ìbọn tí àgbá tó gba ọta rẹ̀ máa ń yí. Wọ́n máa ń sọ fún olùbẹ̀rẹ̀ pé ó kéré, kò sì ní wàhálà. Ó kéré lóòótọ́: nǹkan bí 410 gíráàmù, ọta oníwọ̀n .38 márùn-ún péré ló sì gbà. Ṣùgbọ́n bó ṣe fúyẹ́ tó yẹn ló ń jẹ́ kó ta ọwọ́ sẹ́yìn gan-an. Tírígà rẹ̀ le, ó sì jìn ún fà, débi pé ẹnu ìbọn á ti yẹ̀ kí ọta tó jáde. Má fi ìka sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo tó wà níwájú àgbá ọta, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jáde níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kan rèé: bí ọta kan bá kọ̀, tún tírígà fà, òmíràn á bọ́ sípò.

Glock 19 ni àwa yóò mú. Ó gba ọta oníwọ̀n 9mm mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wúwo jù 642 lọ, tírígà rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ọta 9mm sábà máa ń dínwó ju .38 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ tó dì í mú bá dẹ̀, karawun ọta tí o ti yìn lè há sínú rẹ̀.

Ewu rẹ̀ wà níbi títú u: ó di dandan kí o fa tírígà kó tó tú. Kọ́kọ́ yọ àpò ọta, fa irin òkè sẹ́yìn, wo inú ihò ọta, kí o sì fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Ọta kan ṣì lè wà níbẹ̀.