Mítà PoE kékeré: ibi tó ti wúlò, àti ibi tó ti lè ṣì yín lọ́nà

Bí access point (ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi káàkiri) bá kọ̀ tí kò tan, switch (ẹ̀rọ oníhò púpọ̀ tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bó bá wá ń tan tó ń kú, wọ́n á ní access point ló ti bàjẹ́. PoE ni kí iná gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà dé ara ẹ̀rọ. Mítà PoE kékeré tí wọ́n ń kì sáàárín àwọn méjèèjì lè parí ẹjọ́ yìí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, bí ẹ bá ra irú èyí tó dáa, tí ẹ sì mọ ibi tó yẹ kí ẹ kì í sí.

Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí àtẹ. Àkọ́kọ́ kò ju orí RJ45 (orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó ní iná tíńtín lára: ó ń sọ pé iná wà, ó sì ń sọ bóyá wáyà 1, 2, 3 àti 6 ni iná ń gbà tàbí 4, 5, 7 àti 8. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni rà á. Èkejì ní ihò méjì àti ojú tí nọ́ńbà ń hàn lórí rẹ̀, ó ń ka V (fóòtì), A (áńpíà) àti W (wáàtì) bí iná ṣe ń kọjá lọ sọ́dọ̀ access point. Ẹ̀kẹta ń ṣe bí ẹni pé òun ni access point, ó ń fa iye wáàtì tí ẹ bá yàn fún un. Ẹ̀kẹta ló yẹ ẹni tó ń fa wáyà tuntun kó tó gbé access point kankan kọ́. Èkejì ló yẹ ẹni tó ń wá àrùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti wà nílẹ̀, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ẹ má bẹ̀rù bí ojú rẹ̀ bá ṣófo nígbà tí ẹ kì í bọ switch láìsí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Switch tó tẹ̀lé ìlànà IEEE (ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ìlànà PoE) kì í kàn da iná síta. Ó máa ń kọ́kọ́ fi fóòtì tí kò ju 10 V lọ yẹ ẹnu wáyà wò, bóyá yóò rí resistor (ohun tó ń dí iná lọ́nà) 25 kΩ níbẹ̀. Àyàfi tó bá rí i ló tó máa gbé iná gidi jáde. Ìdí nìyí tí access point alo-24 V, irú èyí tó ń bá injector tirẹ̀ (àpótí kékeré tó ń ki iná sínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wá, kì í fi í tan lórí switch bẹ́ẹ̀: kò ní àmì tí switch ń wá. Injector tí kì í béèrè ohunkóhun ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí nọ́ńbà bá jáde lójú mítà láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, iná ti wà lórí wáyà náà látilẹ̀wá, ẹ má sì tíì ki nǹkan olówó gọbọi bọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ ka ìwé mítà náà lákọ̀ọ́kọ́, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti fi 25 kΩ sínú wọn.

Níbi tí mítà yìí ti tó owó rà jù lọ ni ọ̀rọ̀ access point tó ń tan tó ń kú. Ẹ fi wáyà kúkúrú so mítà mọ́ switch, kí access point wà lẹ́yìn rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ V sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà lọ sí ìdí access point, kí ẹ kọ V àti A sílẹ̀. Ká ní 54 V ni ti ìdí switch, tí ti ìdí access point sì jẹ́ 45 V pẹ̀lú 0.36 A. 9 V ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹ fi 0.36 pín 9, ẹ ó rí 25 Ω, ìyẹn bí ọ̀nà náà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ìlànà 802.3at ti ọdún 2009, tí wọ́n ń pè ní PoE+, kò fàyè gba ju 12.5 Ω lọ. Ní 16 W tí access point ń fà lọ́wọ́, ó ṣì ń rọ́jú. Nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀, tó fẹ́ fa 25.5 W, yóò nílò nǹkan bí 0.7 A, fóòtì á sì já sí nǹkan bí 36 V. Bẹ́ẹ̀ 0.6 A ni ìlànà náà fọwọ́ sí, 42.5 V ló sì kéré jù tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ access point. Ibẹ̀ ló ti ń kú.

Wáyà Cat5e tó jẹ́ bàbà gidi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30 m, kò yẹ kó ju nǹkan bí 3 Ω lọ. Wáyà CCA, ìyẹn álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú, á gbé e dé nǹkan bí 5 Ω bí sísanra wọn bá dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 25 Ω lórí 30 m, ẹ má tíì fa wáyà tuntun. Ẹ gé orí RJ45 méjèèjì, ẹ fún òmíràn sí i, ẹ tú ihò ara ògiri wò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti gé orí náà, ẹ fi ọ̀bẹ họ ẹnu wáyà kan: bí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, CCA ni.

Mítà kan náà máa ń tú àṣírí Wi-Fi tó ń falẹ̀ láìkú. Access point tó nílò PoE+ lè tan lórí 802.3af, ìlànà PoE tó ṣáájú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kó rí ju 12.95 W lọ, àmọ́ yóò pa rédíò kan tàbí kó dín agbára rẹ̀ kù. Bí W kò bá kọjá 12 rárá nígbà tí èrò pọ̀, ẹ lọ wo bóyá LLDP (ọ̀nà tí access point ń gbà sọ iye iná tó nílò fún switch) wà ní títàn lórí switch, àti bóyá ihò náà lè fún un ní 30 W.

Àwọn àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ojú tó ń yí nọ́ńbà padà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kì í rí ìfò iná tó pa access point. Ẹ ra èyí tó ń tọ́jú nọ́ńbà tó ga jù. Àwọn kan kì í jẹ́ kí gigabit kọjá, wọ́n á sọ ọ́ di 100 Mbps, ẹ ó sì máa wá àrùn tí mítà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò sì mọ iye iná tí switch ní lápapọ̀. Lórí switch 65 W tó ń fi 30 W pamọ́ fún access point kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta kò ní rí iná, ojú mítà á sì ṣófo bí ẹni pé wáyà ti já. Ẹ gbé wáyà náà sí ihò èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá tan, wáyà kò ṣẹ̀. Lórí switch Cisco, àṣẹ show power inline á fi iye tó ṣẹ́kù hàn yín.

Nǹkan kan tún wà tí kò lè rí láéláé: bọ́tìnnì Extend lára àwọn switch kan, tó ń mú kí wáyà dé 250 m. Iná á pé pérépéré lójú mítà, àmọ́ ihò náà ti já sí 10 Mbps. Ẹ dá bọ́tìnnì yẹn padà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.