Alfa tó ń bá mi tẹ orin ní Garki

Bí ẹ bá ń kọ orin ní Abuja, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn olórin rí i kà dáadáa, ẹ lọ bá Alfa tó ń tẹ̀wé ní Area 1, Garki.

Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ. Màá sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ibi tí ohùn bá gbà ni orin máa gbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń jókòó ti dúrù, kí n tó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nínú orin tuntun tí mo kọ fún kúáyà àti ohun èlò mẹ́sàn-án, gbólóhùn kan wà níbẹ̀: "Ọwọ́ rẹ ló gbé mi ró." Bí mo bá jẹ́ kí orin wálẹ̀ lórí "wọ́", ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni gbogbo ilé máa gbọ́. Ẹ̀kọ́ olóògbé T. K. Ekundayo Phillips nìyẹn, ẹni tó tẹ dúrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, láti 1914 sí 1962: ohùn ọ̀rọ̀ ni kí orin máa tẹ̀ lé.

Ibi tí mo ti ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀ ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo lẹ́tà tó ní àmì di àpótí kéékèèké. Lálẹ́ ìdánrawò, àwọn alto, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, dákẹ́ láàárín gbólóhùn, wọ́n ń wojú ara wọn. Ó dùn mí wọra. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ orin yẹn.

Ọmọ Ọ̀ffà ni Alfa, kò mọ nóòtì kà. Àmọ́ ó máa ń ka ọ̀rọ̀ orin sókè látòkè délẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, igba ni àbí ìgbà?" Ìgbà ni. Èmi ni mo gbàgbé àmì. Òun náà ló ní kí n máa fi PDF ránṣẹ́, kí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí mo lò, sì wà nínú rẹ̀, kí àmì má bàa di àpótí mọ́.

Ẹni tó ń ta fayolíìnì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ti sinmi nìkan ló ti lè ṣíwèé. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣàlàyé ìyẹn fún Alfa. Nígbà tí mo padà lọ, òun ló bi mí pé, "Ibo ni wọ́n ti ń sinmi?" Níbi tí ìsinmi kò sí, ó lẹ ojú ìwé mẹ́ta mọ́ra wọn, kí wọ́n lè tẹ́ ẹ gbalaja.

₦100 ni ojú ìwé A4, ₦300 ni A3 tí adarí orin ń lò. Ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí ló máa ń wà. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọjọ́ ìdánrawò gan-an, torí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ A3.