Fọ́nfọ́n búlúù fún ikọ́ fée: oògùn dáa, ẹni tó tà á ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin ará Porto-Novo, oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sẹ́nu yìí ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní parọ́. Ventoline ni gbogbo wa ń pè é, àmọ́ ilé iṣẹ́ míì ló ṣe tèmi, salbutamol náà ṣá ni, máíkírógíráàmù 100 ní ìtẹ̀ kan, ìtẹ̀ 200 nínú agolo. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tàbí kí zémìjàn (ọ̀kadà) tú èéfín sí mi lójú ní Ouando, àyà mi á fún pinpin, á wá máa dún fée fée. Iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká ló ń fún un bí okùn ẹnu àpò, salbutamol á dé ibẹ̀ á mú kó dẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 5 ara á ti ń fúyẹ́, á sì gbé mi dé wákàtí 4 sí 6. Ọwọ́ á gbọ̀n díẹ̀, ọkàn náà á máa sáré, ìyẹn ò burú, ó máa ń lọ.

Fàmásì tí mo ti rà á ló bí mi nínú. Wọ́n gba owó, wọ́n na oògùn sí mi, ó parí! Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ló wá kọ́ mi pé kí n gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí n mí síta tán, kí n tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń rọra fa èémí wọlé, kí n sì sé èémí tó ìṣẹ́jú àáyá 10, torí béèyàn bá kàn tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu fìrì, orí ahọ́n ló ń parí sí. Tọmọdé, ẹ ra ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu. Tèmi ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà tó ń ka iye tó kù, ẹ má sì dá àwọn tó ní kẹ́ ẹ jù ú sómi wò lóhùn jàre, ìyẹn ò sọ òótọ́ fúnni.

Ohun míì tí wọn ò sọ: iṣan nìkan ló ń dẹ̀, wíwú tó wà nínú ọ̀nà èémí ò kúrò. Oògùn fífà tó ní kọtikọ́ọ̀dì ló ń bá ìyẹn jà, láti 2019 sì ni àwọn onímọ̀ GINA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée lágbàáyé, ti ní kí àgbàlagbà má fi salbutamol nìkan wo ikọ́ fée mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ lọ rí dọ́kítà. Tẹ́ni tó ní ikọ́ fée bá sì ń gba propranolol torí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó tètè sọ fún dọ́kítà ẹ̀, oògùn yẹn lè mú kí iṣan ọ̀nà èémí fún pọ̀, kó má sì jẹ́ kí salbutamol ráyè ṣiṣẹ́.